Oòrùn, Oorun, Òórùn

Ní Vardø, létí òkun tó tutù bí irin,
tí oṣù Karùn-ún bá ti dé ìlàjì
oòrùn á gbàgbé ọ̀nà ilé.
Á rìn dé etí omi,
á wo inú omi bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀,
á tún gbéra, á máa bá tirẹ̀ lọ.
Láàárín òru gan-an, èèyàn lè ka lẹ́tà níta.
Ẹyẹ òkun ń bú ara wọn lórí òrùlé.

Lọ́la, aago mẹ́sàn-án, Tiril ẹ̀gbọ́n mi
yóò jókòó ti ìdánwò ìṣirò.
Ó ti kàwé tán. Ó kà á sókè, ó kà á sínú,
ó kà á fún ológbò títí ológbò fi jáde.
Ó ti gbẹ́ pẹ́ńsù mẹ́rin lẹ́nu.
Ó ku kó sùn.

Sísùn náà ló wá di iṣẹ́.

Màmá fi bébà fàdákà tí a fi ń yan ẹja bo fèrèsé,
ó kan bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.
Ibi tí ìṣó ti yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan gbabẹ̀ wọlé,
tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́,
ó lọ tààrà sí ìpéǹpéjú Tiril.
Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní wàrà gbígbóná.
Bàbá pè láti ojú agbami:
“Sùn o! Bí o kò bá sùn, orí rẹ ò ní ṣiṣẹ́.”
Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá la ojú rẹ̀ pátápátá.
Oorun kì í ṣe ajá tí a ń súfèé pè.

Ó yí sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀dì ké.
Ó yí sósì, bẹ́ẹ̀dì tún ké.
“Sjur, ṣé o ti sùn?”
“Mo ti sùn.”
“Aago mélòó ló lù?”
Mo dákẹ́. Ẹni tó ti sùn kì í mọ aago.
“Bí mo bá sùn báyìí, wákàtí mẹ́fà.”
Ó ṣe díẹ̀.
“Bí mo bá sùn báyìí, márùn-ún àbọ̀.”
Ìṣirò tí olùkọ́ kankan ò kọ́ ọ.

Ìyá àgbà Gudlaug ló ṣílẹ̀kùn.
Kò sọ pé kó sùn.
Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀,
fìlà olówùú Bàbá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀,
èyí tó fi lé ẹja pánlá fún ọgbọ̀n ọdún nínú yìnyín.
“Kò wá oorun rí, bàbá yín yẹn.
Á fa fìlà yìí dé imú,
á ní kí òkun máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.
Má sùn, o gbọ́? Ṣáà dùbúlẹ̀.
Eegun tó bá ti nà sílẹ̀, ó ti rí tiẹ̀ gbà.”

Ó fà á bò ó lójú.
Ọ̀dà ọkọ̀, iyọ̀, tábà,
òróró ẹ̀dọ̀ ẹja tó ti pẹ́ ju èmi lọ.
“Òórùn rẹ̀ burú,” Tiril wí lábẹ́ fìlà.
“Ó burú gan-an,” ni Ìyá àgbà dáhùn.

Ohun tí wàrà ò rí ṣe, tí ìṣó ò rí ṣe:
òórùn di oòrùn lójú,
oorun yọ́ wọlé.

Mo gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀,
bí omi lábẹ́ ọkọ̀ tí a so mọ́ èbúté.
Ìyá àgbà ò dìde lọ.
Ó na ọwọ́ sí fèrèsé,
ó fi àtàǹpàkò dí ojú ihò yẹn.
Ìka náà pọ́n bí ẹyin iná.
Mo ń wò ó. N kò mọ ìgbà tó gbé e kúrò.

Nígbà tí mo jí, aago mẹ́wàá ti kọjá.
Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní kíláàsì mi, kò sẹ́ni tó rántí mi.
Bẹ́ẹ̀dì Tiril ti ṣófo, ó tilẹ̀ tẹ́ ẹ.
Fìlà wà lójú èmi.